Ṣé O Mọ̀ Pé Òyìnbó Ti Gbé Ìjàyè Rí?

Dúró ná, má tíì wọ mọ́tò. Mọ́níyà kò ní sá lọ. Fetí sí mi díẹ̀.

Ṣé o mọ Ìjàyè-Òrílé, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé wa níbí? Ní 1853, òyìnbó Amẹ́ríkà kan mú ìyàwó rẹ̀ wá síbẹ̀, ó ní ibẹ̀ làwọn máa gbé.

Kì í ṣe pé wọ́n gba ibẹ̀ kọjá o. Wọ́n gbé ibẹ̀! Wọ́n sùn níbẹ̀, wọ́n jí níbẹ̀, oúnjẹ ọjà ibẹ̀ ni wọ́n jẹ.

Thomas Jefferson Bowen lorúkọ ọkùnrin náà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló rán an wá. Lurana ni ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 1853 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Amẹ́ríkà. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Èkó. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni o! Ìjàyè ni wọ́n sìn ín wá.

Ṣé o mọ iṣẹ́ tí Bowen ṣe kó tó di oníwàásù? Ṣọ́jà ni. Ó ti ṣe ológun ẹlẹ́ṣin rí ní Texas.

Ó ku díẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ya bo Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Bowen wà nínú ìlú náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe!

Tọkọtaya mẹ́ta ni Ìjọ Onítẹ̀bọmi rán wá ní 1853 yẹn: ìdílé Bowen, ìdílé Lacy, ìdílé Dennard. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Lacy, ó padà sílé. Ìyàwó Dennard kú. Dennard fúnra rẹ̀ kú. Ọdún kejì kò tíì parí tó fi ku tọkọtaya kan ṣoṣo. Àwọn ará Ìjàyè nìyẹn, Bowen àti Lurana.

Fi ojú inú wo Ìjàyè òde òní, kó o wá gbọ́ èyí. Bowen fojú bù ú pé àwọn tó ń gbé Ìjàyè nígbà yẹn tó 35,000. Ìbàdàn ńkọ́? 70,000 ló pè é. Ìdajì Ìbàdàn ni Ìjàyè!

Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ni ìlú. Kúrunmí yẹn gan-an tí Ọlá Rótìmí fi ṣe eré orí ìtàgé. Àṣẹ rẹ̀ ni òyìnbó fi rí ilẹ̀ kọ́lé sí.

Òyìnbó mìíràn tún wà nínú ìlú kan náà. Adolphus Mann ni, ará Jámánì, ẹgbẹ́ oníwàásù CMS ló rán an. Ọdún 1853 yẹn náà lòun náà dé. Ìjọ méjì, ìlú kan, ọdún kan.

Nígbà tó di 1854, Bowen ti kọ́ ilé ìjọsìn sí Ìjàyè. Ní 1855 ó ti mú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀n.

Ó ń wàásù, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti gbọ́ ló ń kọ. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ, ilé iṣẹ́ Smithsonian tó wà ní Washington ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858. Èdè tí ìyá aláta fi ń ná ọjà ní Ìjàyè dé Washington kí iná mànàmáná tó dé ibẹ̀!

William Clarke ńkọ́? Oníwàásù Onítẹ̀bọmi lòun náà, Ìjàyè lòun náà tẹ̀dó sí. Láàárín 1854 sí 1858, ó rin ilẹ̀ Yorùbá já, ó sì kọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣé o mọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà? 1972. Yunifásítì Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́. Ó ju 110 ọdún lọ tí ìwé náà fi wà ní ìwé àfọwọ́kọ!

Sún mọ́ mi, èyí tó ń bọ̀ yìí dùn.

Káfíńtà kan wà láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, ó dúdú bí èmi àti ìwọ. James Churchwill Vaughan ni. South Carolina ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1828. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, Scipio, kó tó gba òmìnira. Ìtàn ẹbí wọn sọ pé nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó ní kí àwọn ọmọ òun padà sí Áfíríkà.

Ọmọ gbọ́! Ó wọkọ̀, ó sọdá òkun, ó bá àwọn oníwàásù ṣiṣẹ́ igi, ó sì wá tẹ̀dó sí Ìjàyè. Ogun ló lé e kúrò. Ó di Abẹ́òkúta, ó di Èkó, ó di ọlọ́jà ńlá.

Àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni Kòfówórọlá Adémọ́lá, obìnrin adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ní Yunifásítì Oxford. Ọdún 1935 ni. Láti ọ̀dọ̀ káfíńtà Ìjàyè dé Oxford!

Ó yá, jẹ́ ká kúrò ní Ìjàyè, ká dorí kọ Ìbàdàn. Àdúgbò Kúdẹtì là ń lọ.

Ọdún 1853 yẹn náà ni o! Oṣù Kẹrin. Ọkùnrin ará Jámánì kan, David Hinderer, mú ìyàwó rẹ̀ Anna wọ Ìbàdàn. Ọkọ ti kọ́kọ́ wá wò ó ní 1851. Ó rí ìlú, ó fẹ́ràn ìlú, ó padà lọ fẹ́ ìyàwó ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó tún padà wá.

Ẹni ọdún 26 ni Anna. Ọmọ Norfolk ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó dé Èkó tí ibà fi gbé e dè.

Ibà! Ẹ̀rù ibà ló ń ba gbogbo wọn. Ní 1841, òyìnbó 145 ló bá ọkọ̀ wọ odò Ọya. 130 nínú wọn ni ibà dá dùbúlẹ̀. Ó lé ní 40 tó kú. Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ náà, ó rí gbogbo rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń fa ibà? Afẹ́fẹ́ búburú tó ń ti inú ẹrẹ̀ jáde! Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n lóru mọ́jú, wọ́n ń bínú sí afẹ́fẹ́. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí i dájú pé ẹ̀fọn ni. Anna ti kú láti ọdún 27 ṣáájú ìgbà yẹn.

Kefer, oníwàásù ará Jámánì kan tó wá bá ìdílé Hinderer ṣiṣẹ́, kú ní Ìbàdàn ní 1855. Kò pẹ́ tó dé.

Anna kò kú. Ó dìde, ó ṣí ilé ìwé.

Ọmọ méjì ni ìjòyè Olúńlọ́yọ̀ fi ránṣẹ́ sí i, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Yéjídé lobìnrin. Ọkùnrin ńkọ́? Fojú sílẹ̀ o: Akínyẹlé! Orúkọ tó wà lórí pátákó ìjọba ìbílẹ̀ wa gan-an. Mi ò sọ pé ọmọ yẹn ló ni ìlú, orúkọ ló bára mu. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ni pé Akínyẹlé wà nínú àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ di síléètì mú ní Ìbàdàn.

Anna kò mọ bó ṣe máa kọ orúkọ náà sílẹ̀. “Akielle” ló kọ!

Ṣé o mọ ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù nípa ìwé? Wọ́n ní ìwé máa sọ ọmọkùnrin di ojo. Ìlú ológun ni Ìbàdàn, ta ló fẹ́ bí ojo? Ta ló máa gba idà lọ́wọ́ ọmọ kó wá fún un ní lẹ́ẹ̀dì?

Síbẹ̀ ilé kún. Ọmọ ìjòyè wá. Ọmọ ẹrú wá. Àwọn tí wọ́n rà padà lọ́wọ́ olówó ẹrú wá. David àti Anna kò bímọ kankan títí wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbàlá ló ń pè é ní “Ìyá.” Ìyá lórúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ń pè é ní Anna.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan tó jẹ́ ẹrú ń kọjá lọ nítòsí àgbàlá náà. Ó gbọ́ ohùn ọmọ kan tó ń ṣeré. Ó dúró gbagidi. Ó mọ ohùn náà! Ògúnyọ̀mí ni, ọmọ rẹ̀ tí ogun ti gbé lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kò tíì ríra, etí ti mọ ọmọ. Mo ti ka ìtàn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, gbogbo ìgbà ni omi máa ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n gbé dùùrù wá sí Kúdẹtì. Dùùrù! Láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọkọ̀ òkun, nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, lórí àwọn aláàárù, títí dé etí odò Kúdẹtì. Àwọn èèyàn wá ń wo ohun èlò tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ tó ń kọrin.

Ọjọ́ Ìsinmi náà gba òye. Ìwọ náà bá mi ṣírò. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ àwọn oníwàásù, ọjọ́ méje. Ọjà ọrọọrún wa kò mọ Sátidé, kò mọ Sọ́ńdè. Bí ọjọ́ ọjà kan bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi lónìí, ó di ọjọ́ 28 kí wọ́n tó tún pàdé! Oníṣọ́ọ̀ṣì tó bá ń tajà ní láti máa ka ọjọ́ méjèèjì pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àdúrà. Àlùfáà. Wòlíì. Ìwàásù. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wá, láti inú èdè Lárúbáwá! Wọ́n ti wà lẹ́nu Yorùbá kí òyìnbó kankan tó dé. Crowther rí wọn nílẹ̀, ó kó wọn sínú Bíbélì.

Crowther yìí, ọmọ Òṣoògùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọdún 25 lẹ́yìn náà, ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ Àfàlá ní Abẹ́òkúta. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Mo kàn ń sáré kọjá ni, ìtàn tirẹ̀ gba odindi ìwé.

Ibi owó ni mo fẹ́ dúró sí. Mú ìjókòó.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sin sórí okùn kan. Okùn 50 ni ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ yẹn, àpò ni ìtumọ̀ rẹ̀! Ìgbàkígbà tó o bá ka ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ẹyọ kan lò ń pè.

Àpò kan, ẹrù orí ẹnìkan. Bó o bá fẹ́ ra nǹkan tó níye lórí, owó rẹ gan-an nílò aláàárù.

Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, èyí tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Okùn mẹ́ta!

Ó wá di 1860. Ogun dé.

Ta ló kọjú ìjà sí ta? Ìbàdàn sí Ìjàyè! Mann, ará Jámánì, wà nínú Ìjàyè. Hinderer, ará Jámánì, wà nínú Ìbàdàn. CMS kan náà ló rán àwọn méjèèjì. Odi ìlú méjì ya ọ̀rẹ́ méjì sọ́tọ̀, ìbọn sì ń dún láàárín wọn.

Ọ̀nà dí. Lẹ́tà kò wọlé, owó kò wọlé, oògùn kò wọlé, aṣọ kò wọlé. Anna, olùkọ́, àwọn ọmọ, gbogbo ilé kún fún ẹnu tó fẹ́ jẹun.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n jẹ? Ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí wọ́n fi epo àti ata sí. Lọ́la, ẹ̀wà. Lọ́túnla, ẹ̀wà.

Nígbà tí kò sí owó ẹyọ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Páànù àtijọ́, ó di títà. Anna kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn alẹ́ kan wà tí ebi máa ń pa àwọn títí àwọn á fi sunkún sùn, bí ọmọdé.

Àwọn ará Ìbàdàn ló gbà wọ́n là o. Àwọn tí ìwé sọ pé kí oníwàásù wá ràn lọ́wọ́, àwọn ló bu oúnjẹ fún oníwàásù. Kò sí ohun tó wú mi lórí nínú gbogbo ìtàn yìí tó èyí.

Nínú Ìjàyè, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ebi pa àwọn èèyàn kú. Àwọn òbí kan fi ọmọ wọn sọfà nítorí oúnjẹ. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó ṣẹ́kù síbẹ̀, Phillips àti Stone, kó ọmọ aláìlóbìí jọ, wọ́n ń bọ́ wọn.

Richard Stone ńkọ́? Jagunjagun Ìbàdàn mú un lójú ọ̀nà, wọ́n fà á lọ sí Ìbàdàn. Ó gba ìtúsílẹ̀, ó padà, ó dàgbà, ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1899. Ọdún mẹ́fà ló sọ pé òun lò láàárín Yorùbá.

Ọmọ kan wà nílé Stone yìí, Ládéjọ. Moses Ládéjọ Stone ló ń jẹ́ nígbà tó yá. Ní 1880, wọ́n fi í joyè àlùfáà, Yorùbá àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọmọdé tó ń gbálẹ̀ lánàá!

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862, Ìjàyè fọ́. Kúrunmí ti kú ní 1861, kò sí níbẹ̀ láti rí i.

Mann ń ṣàìsàn. Edward Roper, ọ̀dọ́kùnrin kan, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba ipò rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni o! Ìlú fọ́ mọ́ ọn lórí, wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn.

Kí ni wọ́n ní kí wọ́n san kí wọ́n tó tú u sílẹ̀? Ìbọn 200. Àgbá ẹ̀tù 200. Àpò owó ẹyọ 200. Ìwọ ṣírò àpò nìkan: ọ̀nà 200 ti 20,000. Mílíọ̀nù mẹ́rin owó ẹyọ! Fún ẹyọ òyìnbó kan!

Kò sí ẹni tó san án. Roper jókòó sí Ìbàdàn, lọ́dọ̀ ìdílé Hinderer, ó ń bá wọn jẹ ẹ̀wà.

Ní 1865, Gómìnà Glover ní Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá. Òru ló wọ Kúdẹtì. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Wọ́n gbé Anna sínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé ọ̀pá lé èjìká, wọ́n sáré. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti dé Èkó.

Lónìí ńkọ́? Láti ibùdókọ̀ ojú irin Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, o lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé, kó o jẹ ti ọ̀sán l'Ékòó.

Anna tún padà wá o! Pẹ̀lú gbogbo ebi yẹn. Ó tún lo bí ọdún méjì kí ara tó kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní 1869 ni wọ́n lọ. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1870, ó kú ní Norfolk. Ẹni ọdún 43 péré.

David, ọkọ rẹ̀, ló túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí Yorùbá. Bó o bá ń ka ìwé ìtàn àròsọ Fágúnwà, tó o rí akọni tó ń kọjá láàárín ewu kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ọ̀mọ̀wé ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ipa ìwé yẹn hàn níbẹ̀.

Nígbà tí tọkọtaya náà lọ, ta ló kù? Daniel Olúbí. Ṣé o mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni! Ó di olùkọ́ni. Ó di àlùfáà ní 1871. Òun ló di iṣẹ́ Ìbàdàn mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òyìnbó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 1912 ló tó kú. Òun àti James Òkúsẹìndé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ni mo ṣí fìlà fún jù lọ. Ìwé tí wọ́n kọ nípa Anna kò pọ́n wọn lé tó.

Henry Johnson náà wà lára àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, ó ti Sàró wá ní 1858. Ọmọ rẹ̀ Samuel jẹ́ ọmọ ọdún 11. Kúdẹtì lọmọ náà ti kàwé. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ìtàn Yorùbá, ìwé tí gbogbo òpìtàn ń ṣí.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà. Ó parí rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́! Samuel kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àjákù ìwé jọ, ó tún un kọ. Ó parí. Obadiah kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, kò sí èyí tó fọwọ́ kan ìwé náà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́!

Akínyẹlé ńkọ́? Tún gbọ́ orúkọ yẹn. Onígbàgbọ́ ìjímìjí kan ní Ìbàdàn ń jẹ́ Josiah Akínyẹlé. Ọmọ rẹ̀ Alexander di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn Grammar School ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn. Ọmọ rẹ̀ Isaac kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Ní 1955, Isaac yìí gun orí oyè. Ọlúbàdàn ni! Onígbàgbọ́ tó jẹ Ọlúbàdàn.

Bíṣọ́ọ̀bù kan, ọba kan. Ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan.

Ó ku àwọn orúkọ tó o ń rí lójoojúmọ́. St. Anne's tó wà ní Mọ́lété, Anna ni wọ́n fi sọ. Yéjídé Girls' Grammar School, ọmọbìnrin Olúńlọ́yọ̀ yẹn ni. St. David's Kúdẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, ó ṣì dúró.

Bowen University ní Ìwó, ṣọ́jà Texas tó gbé Ìjàyè yẹn ni. Ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́, tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1907, orúkọ Bowen ló ń jẹ́ báyìí.

Ìjàyè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ìlú fọ́, àwọn èèyàn sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n dá àdúgbò sílẹ̀, wọ́n pè é ní Àgọ́ Ìjàyè. Ìjọ wọn bá wọn lọ. First Baptist Church, Ìjàyè, Abẹ́òkúta ló ń jẹ́ dòní. Ìlú wà ní Akínyẹlé, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta!

Ó dáa, mọ́tò rẹ ti kún. Bó o bá dé Ìjàyè-Òrílé, jọ̀ọ́, wá àgbàlagbà kan lọ. Kí i dáadáa. Bi í léèrè ibi tí ilé òyìnbó wà láyé Kúrunmí. Ohunkóhun tó bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.